Arúgbó Inú Eré Djamila

Mo ní ọmọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Djamila. Orogún mi ni mo máa ń pè é, òun náà a sì dáhùn pé, "Ìyáálé, kí lẹ tún fẹ́?" Ní ọdún 1999, Savalou ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn èèyàn. Ọ̀gá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó sì fi ògbólógbòó ta á lọ́rẹ, èyí tó máa ń kùn bí ẹni tó ń sunkún lójú oorun. Inú ògbólógbòó yẹn ni Djamila ti ṣe eré kan.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ènìyàn kékeré kan ni. Bí a bá ń tẹ bọ́tìnnì, á máa sáré láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí kòtò bá wà níwájú, á fò ó. Bí òrùlé bá wà, á fò lé e. Bí ẹ̀ka igi bá rẹlẹ̀, a ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, á lóṣòó, á sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lókè, oòrùn kan ń rọra wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ kí ènìyàn náà tó délé, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn náà kò ní imú, kò ní ẹnu. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi hóró àgbàdo tò sórí ẹní.

Djamila mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wà ní kékeré, Boukari ló kọ́kọ́ ní ilé eré ní Bantè níbí: tẹlifíṣọ̀n kan, bẹ́ǹṣì kan, ẹ̀rọ amúnáwá kan tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Ènìyàn alágbàdo ló wà nínú eré ìgbà náà. Nígbà tó yá, Boukari lọ gbé òmíràn wá láti Cotonou, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní imú, tí wọ́n ní iṣan lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń yí orí wò yín. Gbogbo ayé yọ̀. Djamila nìkan ni kò yọ̀. Ó ní àwọn tuntun yìí ti fi gbogbo ara hàn tán, kò sí iṣẹ́ tó kù fún ojú òun láti ṣe.

Ló bá ṣe ti àtijọ́ ní tuntun, ó sì fi ilẹ̀ wa sínú rẹ̀. Abẹ́ igi kajú ní Akpassi ni ènìyàn náà ti ń gbéra. Á fo ebè iṣu, á fo odò, á gun òrùlé ọjà Bantè, kó tó délé. Lẹ́bàá ọ̀nà, níwájú ilé kan, arúgbó kan jókòó tó wé gèlè aláró. Èmi ni! Gèlè mi gan-an ni. Ọjọ́ tí mo rí i, mo dìde jó, mo dá orin sí i:

*Fò, ọmọ mi, fò,*
*Ilẹ̀ ń dúró dè ọ́;*
*Bó o bá fò tí o ò padà wá,*
*Ilẹ̀ á ní o ò kí òun.*

Inoussa, bàbá rẹ̀, kò jó. Inoussa ni àkọ́bí mi, télọ̀ ni ní ọjà Bantè, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Aṣọ ló mọ̀ ọ́n rán, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì.

"Ìyá, ẹ máa jó lọ," ló wí. "Bí Djamila bá ya òbúkọ, ẹ ó jó. Ẹlòmíràn ni mo fẹ́ rí."

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí wa ṣe eré náà dé òpin, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun tún fẹ́ ṣe é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ kí iṣu tuntun tó wọ ọjà, òun kò ní dárúkọ abẹ́rẹ́ fún un mọ́ láyé. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, kó di ẹrù rẹ̀ ní Savalou kó máa bọ̀ nílé.

"Mo gbà, Bàbá," ni Djamila wí.

Ọjọ́ ọjà ló gbé e dé. Ó fi ìró méjì di kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e lé itan nínú mọ́tò láti Savalou bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Boukari. Boukari wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Djamila, kí ni ti ẹni alágbàdo yìí? Ayé ti kọjá ibẹ̀ o! Àwọn tèmi ní imú."

"Ẹ̀gbọ́n Boukari, imú náà ń gbóòórùn ni?"

"Ẹnu rẹ mú ju eré rẹ lọ."

"Ẹ jẹ́ kí èèyàn kan ṣe é ná, ká tó mọ èyí tó mú."

Josias ló jókòó sídìí rẹ̀. Ọmọ abúlé Koko ni, alùpùpù ló fi ń kó èrò, ìjọ aláṣọ funfun ló sì ń lọ. Bí oòrùn bá mú, á gbé alùpùpù rẹ̀ síbòòji ilé Boukari, á wọlé wá ṣeré, kò sì sẹ́ni tó lè borí rẹ̀. Kó tó jókòó, á bọ́ bàtà. Wọ́n á ní, "Josias, ṣọ́ọ̀ṣì rèé?" Á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, bàtà ni kì í jẹ́ kí n ronú."

Ó bọ́ bàtà. Ó gbéra ní Akpassi. Ọwọ́ rẹ̀ yá! Ó fo ebè, ó fo odò, ó lóṣòó gba abẹ́ igi kọjá, oòrùn ṣì wà lókè gan-an. Inoussa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Josias wá dé ọ̀dọ̀ arúgbó aláró.

Ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Ènìyàn rẹ̀ lóṣòó síwájú arúgbó.

"Kí lẹ ń ṣe?" ni Djamila bi í. "Kò sí ẹ̀ka níbẹ̀."

"Mo ń kí màmá ni."

"Ẹ má kí i! Ẹ máa lọ!"

Gbogbo ilé hó. "Kí ó kọjá lára àgbà bí ewúrẹ́? Ọmọ ta ni ọ́, Djamila?"

Josias dúró lórí ìlóṣòó. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá lóṣòó kí àgbà, kì í dìde títí àgbà á fi dá a lóhùn. Arúgbó inú kọ̀ǹpútà kò sì dáhùn. Ojú kan ló ń wò. Josias dìde díẹ̀, ó tún lóṣòó, bóyá ìyá kò rí i. Ẹnì kan ní, "Etí rẹ̀ ló di." Òmíràn ní, "Ó ń bínú sí ọ ni, lọ bẹ̀ ẹ́." Bí wọ́n ṣe ń jà sí i nìyẹn tí oòrùn fi wọ̀. Eré bàjẹ́.

Josias tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dé ibẹ̀, ó tún lóṣòó, oòrùn tún wọ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀.

"Djamila, àbúrò mi, o gbọ́n. Ṣùgbọ́n arúgbó rẹ ò kó èèyàn mọ́ra."

Boukari ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò lẹ́nu, báwo ló ṣe fẹ́ dáhùn?"

Inoussa kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọrùn ọmọ rẹ̀. "Iṣu kò tíì dé," ló wí, "ṣùgbọ́n jẹ́ kó mọ́ ọ lára."

Mo bá Djamila padà lọ sí Savalou. Inú ń bí i. Kò sì bọ́ téèpù náà.

"Ẹwà lásán ni mo yà yín fún, Ìyá àgbà. Wọ́n kàn ní láti kọjá ni."

"Ta ló ń kọjá lára mi láìkí mi ní Bantè?"

"Kò sí."

"Ẹni tó bá wá kí mi ńkọ́, mo máa ń yanu wò ó?"

Djamila bù gààrì, ó jẹ ẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà títí. Ó wá ní, "Báwo lẹ ṣe máa ń dáhùn gan-an? Ẹ ṣe é kí n gbọ́." Èmi tí wọ́n ní kí n kọrin! Mo kó ìró mi jọ:

*Mo gbọ́ o, mo gbọ́ o,*
*Ẹni tó kí mi, mo gbọ́ o;*
*Ọ̀nà á là, ẹsẹ̀ á yá,*
*Ẹni tó kí mi, mo gbọ́ o.*

Ó ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ títí àwọn Mahi tí kì í sọ èdè wa, tó wà ní ìsọ̀ kejì, fi mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń gbè é. Djamila ń fi ìka wá a lára ẹ̀rọ, títí ẹ̀rọ náà fi ń ké e, pí-pí-pí, bí òròmọdìyẹ.

"Oòrùn ńkọ́?" ni mo bi í. "Kó dúró títí n ó fi dáhùn tán."

"Oòrùn kì í dúró, Ìyá àgbà."

"Ta ló gbé e kọ́ síbẹ̀? Ṣebí ìwọ ni."

Ló bá rẹ́rìn-ín. Orogún mi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a tún gbé e dé Bantè, àwọn ará oko ti ń sọ pé iṣu ti tóbi nínú ebè. Ọjà tó ń bọ̀, a ó rí i. Inoussa tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Josias bọ́ bàtà, ó ní, "Ṣé màmá ti tújú ká?" Ó gbéra ní Akpassi. Ó dé ọ̀dọ̀ arúgbó, ó lóṣòó.

Arúgbó na ọwọ́ sókè. Pí-pí-pí! Oòrùn dúró gbagidi lókè. Orin mi ló ń jáde lẹ́nu ẹni tí kò lẹ́nu! Ilé Boukari fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Mo ń gbè é láti orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Orin parí, oòrùn tún gbéra, Josias dìde, ó gun òrùlé ọjà, ó fo kòtò tó gbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Ó ti dé òpin.

Gbogbo ojú yí sí i. Djamila di téèpù mú lọ́rùn.

Josias nara. "Ó dára o. Mo gbádùn ẹ̀." Ó wọ bàtà. Obìnrin kan tó di adìyẹ sínú apẹ̀rẹ̀ ti ń pè é níta pé òun ń lọ sí Akpassi, ṣé ó ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Josias jáde. Boukari la ẹnu, Inoussa wò ó, ó pa á dé. A gbọ́ alùpùpù náà tó ń lọ, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n pe ìrun alásárì. Inoussa gbé ṣágo omi.

"Djamila, mo ń lọ kírun. Bí mo bá dé, ká lọ tún ẹ̀rọ kejì nù."

"Ó dáa, Bàbá."

Kò sunkún. Ó ń wá ìró tí yóò fi di kọ̀ǹpútà. Inoussa jókòó níwájú ilé, ó ń ṣe àlùwàlá, ó ti fọ ẹsẹ̀ kan, nígbà tí alùpùpù náà tún dún. Obìnrin aládìyẹ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Kí lo gbàgbé? Josias! Kí lo gbàgbé?"

Josias ti ń bọ́ bàtà láti ẹnu ọ̀nà.

"Djamila, má ì dì í. Mo wọlé lọ ni, n kò dágbére fún màmá. Mo dé ẹ̀yìn ọjà, ara mi kò balẹ̀. Jẹ́ kí n tún un ṣe."

Inoussa fọ ẹsẹ̀ kejì. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, láàárín ìka. Ó wọlé, ó bọ́ téèpù lọ́rùn ọmọ rẹ̀, ó fi kọ́ ti ara rẹ̀, ó sì lọ kírun.

Nínú eré Djamila, ènìyàn kì í padà sẹ́yìn. Bí Josias bá fẹ́ dágbére, àfi kó tún gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin aládìyẹ wọlé wá, ó jókòó tì mí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Kò pẹ́ tó fi ń sọ fún Josias ìgbà tó yẹ kó fò.

Ó wá rántí ara rẹ̀. "Ìgbà wo la máa dé Akpassi báyìí?"

Josias kò gbójú kúrò lábẹ́ igi kajú.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Akpassi la wà yìí."