Sùtánà Nínú Yìnyín

Nígbà tí Kíkí ń wá ọmọ, ìyá rẹ̀, Màmá Sẹ̀gilọlá, jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, pé bí Ọlọ́run bá lè dá Kíkí lóhùn, àwọn á gun òkè gidi, àwọn á wọ sùtánà, àwọn á sì dúró níbẹ̀ dúpẹ́. Ọlọ́run dáhùn. Malachi dé. Òkè ló kù. Èyí tó wà lápá Nunhead nítòsí wọn, ajá ló ń fi àárọ̀ gùn ún, Màmá sì ní òkè tí ajá ń tọ̀ sí kọ́ ni àwọn bá Ọlọ́run sọ.

Nígbà tí ibi iṣẹ́ Kíkí wá gba ilé onípákó kan fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn, ní abúlé kan láàárín àwọn òkè Faransé níbi tí wọ́n ti ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, sùtánà ni Màmá kọ́kọ́ dì sẹ́rù.

Moyinolúwa, àbúrò Kíkí, àbíkẹ́yìn Màmá, bá wọn lọ. Sínóò tó mọ̀ ní Peckham máa ń di ẹrọ̀fọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ti ibí yìí yàtọ̀. Ó gun orí òrùlé bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò ní í sọ̀ kalẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń ki gaàrí mọ́nú àpò, bí èèyàn bá sì sọ̀rọ̀, á gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Moyin wò ó títí. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń rò. Àtọ̀gbẹ ti mú ọmọ ìka kan lọ ní ẹsẹ̀ òsì Màmá, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tútù láìsí bàtà. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá jáde láti yàrá nínú aṣọ funfun, àmùrè ní ìbàdí, ẹsẹ̀ lásán. Kíkí gbé Malachi sí èjìká.

“Mọ́mì, ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Ibi tí mo torí ẹ̀ wá.”

“Nínú sínóò yìí? Ẹ wọ bàtà, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́run máa understand.”

“Ó yé E. Èmi ni mo ṣèlérí, kì í ṣe Òun.”

“Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́?”

“Kó lè rin gbingbin sí mi lẹ́sẹ̀?”

“Ẹ bọ́ sùtánà nígbà náà, kẹ́ ẹ wọ kóòtù yín, kẹ́ ẹ fi gbàdúrà.”

“Kíkí, nígbà tó ò ń sunkún sí mi láyà, ṣé kóòtù ni mo bá Ọlọ́run dá?”

Màmá ṣílẹ̀kùn, òtútù wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Moyin mọ ohun tí Kíkí ò mọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn kì í mọ iná, kì í mọ òtútù. Màmá lè dúró títí tí ẹsẹ̀ náà yóò fi kú mọ́ wọn nídìí, wọn ò ní í mọ̀.

“Mọ́mì,” ó ní, “ẹ bọ́ sùtánà yẹn fún mi.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín san án. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tèmi mọ òtútù. Tó bá tó, á sọ fún mi.”

“Ṣé wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì san ẹ̀jẹ́ ni?”

“Ẹ̀yin náà lẹ bí ẹsẹ̀ ọ̀hún.”

Màmá wò ó. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pè é kó gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ni yóò máa wò títí wọ́n á fi pe ẹlòmíì. Màmá tú àmùrè, wọ́n sì bọ́ sùtánà fún Moyin.

Yìnyín ò kọ́kọ́ tutù lẹ́sẹ̀ Moyin. Ó ta á ni, bí ata lójú egbò. Ó rìn dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń yọ̀ bọ̀ lórí pátákó ò tètè rí funfun nínú funfun, ó yà bàrá, ó ṣubú, ó sì ń béèrè nǹkan ní èdè tirẹ̀.

“Má dá a lóhùn,” Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà. “Bẹ̀rẹ̀.”

“Mímọ́...” Moyin bẹ̀rẹ̀.

“Èmi tí mo wà nítòsí ò gbọ́ o.”

Ó gbé ohùn sókè. Yìnyín gbé e mì. Ó tún gbé e sókè títí ó fi di igbe. Ó dúpẹ́ nítorí Kíkí, ó dárúkọ Malachi, ó sì dúpẹ́ nítorí àwọn ọmọ ìka tó kù, èyí tí kò gbèrò tẹ́lẹ̀. Màmá ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ta á mọ́, ó mọ̀ pé ó tó. Ó dìde, ó wọlé.

“Ó kúrú,” Màmá ní.

Eyín Moyin ń lu ara wọn. Màmá wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín lọ́hùn-ún, lọ àti bọ̀, wọ́n sì yíjú sí Kíkí.

“Bàtà mi dà?”