Ọwọ́ Nínú Omi Yìnyín

"Ẹ tu ú síbí, Màmá. Ẹ má gbé e mì," ni Dókítà Kọ́lájọ, olórí àwọn oníwàádìí tó wá sí abúlé wa, wí.

Ìyá Happiness tẹrí ba, ó tutọ́ sínú ìgò kékeré náà, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú, ó ń dán. Ọjọ́ méje gbáko ni kò fi lo oògùn ìrora, nítorí èmi Rhoda, nọ́ọ̀sì abúlé, ni mo sọ fún un pé oògùn á ba itọ́ náà jẹ́. Èmi náà ni mo sọ pé ẹni tó bá tutọ́ fún àwọn àlejò yóò rí oògùn gidi gbà. Ta ló rán mi? Ogún àgbàlagbà ni wọ́n ní kí n kó jọ, mi ò sì rí ju mẹ́jọ lọ kí n tó ṣe ìlérí yẹn.

Wọ́n ní itọ́ ni àwọn fi ń mọ bí ara ṣe ń wú àti bí ìrora ṣe ń rí lára ọmọdé àti àgbà. Wọ́n á gba itọ́, onítọ̀hún á ki ọwọ́ bọ omi yìnyín, á sọ bó ṣe dùn ún tó láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, wọ́n á tún gba itọ́ mìíràn.

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ṣe é. Igbe ta. Gift, ọmọ-ọmọ Ìyá Happiness, kò tíì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tán tó ti fà á yọ. "Mẹ́wàá! Mẹ́wàá!"

Ó wá kan àwọn àgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú omi ni àwọn obìnrin ti ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, inú yìnyín ni wọ́n sì ń tò ó sí. Èyí tó bá ń fa ọwọ́ yọ, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ilé ọkọ rẹ̀. Bí Ìyá Happiness ṣe ki ọwọ́ bọ abọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ṣé ó ń dùn yín, Màmá?"

"Kí ni? Omi lásán yìí? Kọ òdo!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ló ní òdo. Ta ni yóò gbà kí Ìyá Happiness ju òun lọ?

"Dókítà," ni mo wí, "yìnyín ti mọ́ wọn lára. Ẹ bi wọ́n léèrè orúnkún."

"Orúnkún ò sí nínú ìwé wa, Rhoda. Òkun ti ń ru, a fẹ́ máa lọ. Fọwọ́ síbí pé òótọ́ ni wọ́n sọ."

Mo fọwọ́ sí i. Ojo ni mí, mi ò ní parọ́.

Ìyá Happiness nawọ́. "Oògùn mi ńkọ́, ọmọ mi?" Dókítà ní oníwàádìí ni àwọn, àwọn kì í fúnni lóògùn. Màmá ò wò ó. Èmi ló ń wò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù, ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ ìlera, kó oògùn wá láti Igbókòdá. Páálí mẹ́ta, tọmọdé nìkan. Ó ka ìwé àbájáde ìwádìí Dókítà fún mi: itọ́ àwọn àgbà fi hàn pé ara wọn ń wú nínú, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora lára, kí á kó oògùn fún àwọn ọmọdé tí kò lè fara dà á.

"Irọ́ ni, ọ̀gá."

"Orúkọ ta nìyí?" Ìka rẹ̀ wà lórí ibi tí mo fọwọ́ sí. "Tó bá jẹ́ irọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ kí n mú un lọ. Àmọ́ o mọ̀ pé wọn ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ níbí."

Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wa jù, wákàtí mẹ́ta ni lórí omi, Ìyá Happiness ò sì lè gun ọkọ̀ mọ́ láti oṣù tó kọjá. Mi ò kọ ọ́. Ìtìjú bò mí.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, ó ní, "Ọmọdé nìkan?" Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tiro lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá Gift lẹ́nu ọ̀nà, ó di orúnkún ọ̀tún mú.

"Ẹ káàárọ̀, Antí Nọ́ọ̀sì. Orúnkún ń dùn mí. Tí òjò bá ti ṣú báyìí, mi ò lè nà án."

Àwọn ọmọdé tò sẹ́yìn rẹ̀ dé orí afárá pákó. Ọ̀kan di ìbàdí mú, ọ̀kan ń fi igi rìn. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ti há tirẹ̀ sórí, ó sáré sọ ọ́ kó má baà gbàgbé:

"Làkúrègbé ni. Kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú."