Igi Ẹnu Ọ̀nà Gékúrú

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi, Gékúrú sì ni àdúgbò ń pè é. Tó bá rí irun kan tó yọrí ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ọwọ́ á máa yún un. Tàwọn oníbàárà ò kàn mí. Igi ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó máa ń gé ló ń bí mi nínú.

Màmá mi ló fún wa ní igi náà kí wọ́n tó kó kúrò nílé wọn àtijọ́. Igi kúkúrú ni, tí kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn lójò, òdòdó pupa rẹ̀ sì ni Màmá fẹ́ràn jù láyé. Ẹni tó ra ilé náà ti hú ìyá igi náà dànù, tiwa nìkan ló ṣẹ́ kù. Àmọ́ tiwa ò tanná rí. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá pè, wọ́n á ní, "Ṣé ó ti tanná?" Èmi á ní, "Ó ń bọ̀, Màmá."

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá kí wa, mo rí kókó òdòdó lórí àwọn ẹ̀ka. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kó ya gbogbo wọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí níta. Gékúrú ti tẹ́ aṣọ ìgẹrun yí ìdí igi ká, orí igi sì ti rí roboto bí igbá.

"Àna mi ò ní bá onírun játijàti lẹ́nu ọ̀nà mi," ló wí.

Kókó òdòdó kún orí aṣọ náà. Mo bú sẹ́kún. "Olówó orí mi, o pa mí o!"

Ibẹ̀ ni Màmá ti bá wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú kókó kan, wọ́n fi èékánná là á. Pupa ni inú rẹ̀.

"Orí ẹ̀ka ló máa ń tanná sí, àna mi. A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

"Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni ò jẹ́ kó tanná?" ni ọkọ mi bi wọ́n.

"Ẹ̀yin mà ni o!" Ẹ̀rín pa Màmá títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú. Ìgbà tó yá ni wọ́n rọra sọ pé, "Mo kàn fẹ́ fojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

Ọkọ mi gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ẹ ó rí i, Màmá."

Kò fọwọ́ kan igi náà mọ́. Nígbà tó tanná, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú Màmá wá, ó mú wọn jókòó síwájú igi náà. Wọ́n kàn ń wò ó.

Oníbàárà kan yọjú láti orí àga. "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gẹrun fún gbogbo wa, kí ló dé tí igi yín rí wúruwùru báyìí?"

"Bó ṣe fẹ́ irun tirẹ̀ nìyẹn," ni ọkọ mi wí, ó sì yí orí oníbàárà náà padà sí dígí.