Ẹni Tó Bẹ̀bẹ̀ fún Owó Orí

Nínú gbogbo àgbẹ̀ tó kún gbọ̀ngàn ìlú ní Òsí lọ́jọ́ náà, Ìbídùnní nìkan ló fẹ́ kí ìjọba mú owó orí padà wá. Àwọn tó kù ti pariwo títí ohùn fi há. Ọ̀kan ní bàbá òun sá wọ ihò àpáta nítorí owó orí láyé ijọ́un, ejò sì bù ú jẹ níbẹ̀. Òmíràn ní kí ìjọba kọ́kọ́ di kòtò ọ̀nà Erúkù ná, kó tó na ọwọ́ sí òun.

Tófúnmi, akọ̀wé tí ìjọba rán wá, jókòó ti ìwé ńlá kan. Ó ti là á yé wọn láàárọ̀: ibi tí ìlú bá fẹnu kò sí ni òun máa kọ. Bí wọ́n bá gbà á, ẹni tó ń jẹ èrè oko á máa san owó orí lọ́dọọdún, wọ́n á sì fún un ní rìsíìtì tó gbé orúkọ rẹ̀ àti oko rẹ̀.

Rìsíìtì yẹn ni Ìbídùnní ń wá. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin oko kajú tó wà ní Òkè-Òpin, nígbà tí ọkọ wà lórí àìsàn. Kò ní ìwé kankan lórí rẹ̀. Olóyèdé, àbúrò ọkọ rẹ̀, sì ti ń sọ kiri pé bí ìkórè bá ti parí, oko á padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ó dìde. "Ẹ mú un padà wá. Màá san tèmi."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀?"

"Ẹ bá mi wo bàtà rẹ̀! Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ó fẹ́ san owó orí!"

"Ẹ rẹ́rìn-ín tán," ó ní. "Oko tí mo gbìn, mo fẹ́ kí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ló ni ín, kó mú rìsíìtì tirẹ̀ wá."

Kò tíì jókòó tó fi mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Olóyèdé, tó ti ń búra láti àárọ̀ pé wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun, tún fìlà rẹ̀ dé, ó dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "mo ti rò ó re. Ìlú tí kò san owó orí kò lẹ́nu níwájú ìjọba. Ẹ jẹ́ ká gbà á. Ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ àwọn ìyá tó pọ̀n wá la ó ti gbà á? Láyé àwọn bàbá wa, baálé ló ń san fún gbogbo ilé. Obìnrin kò ní orí nínú ìwé owó orí. Kí ẹrù wà lọ́rùn àwa ọkùnrin. Kí àwọn ìyá wa sinmi!"

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù, ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ni kí èèyàn máa wò.

Àwọn ọkùnrin wo ojú ara wọn. Kò sí èyí tí kò ní opó ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó àbúrò kan tó ń dáko. Ó yé wọn. Àmọ́ àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Bàbá wa, ẹ ò ní kú!"

"Irú ọkọ tá a ń wá nìyí!"

Ìbídùnní pariwo, "Oko yín ló ń gbà yẹn o!" Orin ọpẹ́ tí wọ́n gbé sókè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kó má sunkún mọ́, wọn ò ní gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlú ti fẹnu kò. Olóyèdé ló kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì.

"Oko kajú, Òkè-Òpin," ó ní.

"Igi mélòó?" Tófúnmi bi í. "Iye igi la fi ń ṣírò owó náà. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí, ọdún márùn-ún ni o. Kò sí àtúnṣe."

Olóyèdé ò mọ̀. Kò kọjá odò tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko náà rí. Ó yíjú sí Ìbídùnní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó wa, má bínú sí wa. Igi mélòó ló wà níbẹ̀?"

Rafiat, ọ̀rẹ́ Ìbídùnní tí wọ́n jọ ń ṣa kajú, la ẹnu. Ìbídùnní tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún kan."

Ojú Olóyèdé tàn. "Ẹgbẹ̀rún! Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá." Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

"Ẹ kú oríire, ọkọ mi," Ìbídùnní wí, ó sì kúnlẹ̀ kí i.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń dúró de ọ̀kadà níta, Rafiat fà á lápá. "Ìyá Ọpẹ́yẹmí, ọgọ́fà péré ni igi yẹn! Owó yẹn á mú un ta ilé tó ń gbé."

"Ṣé ìwọ náà ò gbọ́ wọn ni?" Ìbídùnní ní. "Obìnrin kò ní orí. Orí wo ni mo fẹ́ fi kà á?"