Ìkọ́ Ife ní Pẹ́pẹ́yẹ Mẹ́ta

Wilf Garside kúnlẹ̀ síwájú ààrò ńlá ilé ọtí Pẹ́pẹ́yẹ Mẹ́ta, ó ń fi ìka bu gíríìsì, ó ń fi í ra eyín kẹ̀kẹ́ irin lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ lára. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, gbogbo àga ṣì dojú dé lórí tábìlì, iná igi tó ti dá láti ìdájí sì ti rẹlẹ̀, ó ti di ẹyin iná pupa tó dára fún ẹran.

Ẹ̀rọ ayíran, tó ń yí ẹran níwájú iná, ni Wilf ń fi gíríìsì kùn. Ó ti wà lára ògiri lókè ààrò yẹn kí bàbá ẹnikẹ́ni lábúlé tó dáyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí i kó ṣiṣẹ́ rí. Àwọn yòókù á mu bíà wọn, wọn á máa lọ. Wilf ò lè mu tirẹ̀ kó má gbójú sókè wò ó. Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní irú èyí, àmọ́ ohun téèyàn bá tẹjú mọ́ pẹ́ títí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà òtútù tó kọjá ló fi tú u palẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó ń ha ibi tó dógùn-ún, tó ń rọ eyín tuntun dípò èyí tó ká.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀. Okùn wé mọ́ igi róbótó kan, òkúta ńlá sì so rọ̀ nídìí okùn náà. Bí òkúta bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, okùn á máa tú, igi á máa yí, igi á yí kẹ̀kẹ́ eléyín, kẹ̀kẹ́ á fa ṣéènì, ṣéènì á sì yí ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi gún ẹran níwájú iná. Abẹ́bẹ̀ irin kan wà lókè pátápátá tó ń fẹ́ bí ẹ̀rọ bá ti ń yí. Òun ni kì í jẹ́ kí òkúta já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dùn mọ́ Wilf jù nìyẹn, pé afẹ́fẹ́ lásán lè di òkúta mú.

Ó wé okùn dé òkè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá náà ń yí jẹ́jẹ́, kò dún, kò kọsẹ̀. Wilf rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ sì lọ sókè káńtà.

Níbẹ̀, lára ìtì igi àjà tí èéfín ti sọ di dúdú, ni ife àwọn ọmọ ilé so rọ̀ sí, ti olúkúlùkù lórí ìkọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìkọ́ níbẹ̀, kò tún ṣe àlejò mọ́ láé. Èèwọ̀ sì ni kéèyàn tọrọ rẹ̀. Ẹni tó bá tọrọ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Hester Tranter tó ni ilé ọtí náà ló ń fúnni, nígbà tó bá wù ú. Wilf ti ń gbé lábúlé yìí láti ìgbà tó ti fẹ́ Joan ìyàwó rẹ̀, títí tí Joan fi kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè téèyàn lè rí láti ojú fèrèsé ilé ọtí ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ṣì ń pè é ní "ará òdìkejì." Inú àpò kóòtù ló máa ń gbé ife irin rẹ̀ wá, inú àpò kóòtù náà ló sì máa ń gbé e padà sílé.

Kò tọrọ. Hester ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú àwọn ọ̀rẹ́ Wilf méjèèjì: "Bí irin yẹn bá sun ẹran ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mi, tó sì ṣeé jẹ, màá wá ìkọ́ fún ife ẹ. Àmọ́ tí kò bá tíì yí ẹran nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá dákẹ́, inú ààrò gáàsì mi lẹran ń lọ, ìwọ lo sì máa fọ gbogbo abọ́."

Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà gbà wọlé. Nerys Pugh, tó ta sítáǹbù nílé ìfìwéránṣẹ́ abúlé títí tó fi mọ àṣírí gbogbo èèyàn, ló ṣáájú. Clive Ottery, ọlọ́sìn àgùntàn, tẹ̀lé e pẹ̀lú ajá rẹ̀, Bramble. Bí Clive ṣe ń wọlé, ó forí gbá igi ẹnu ọ̀nà, gbàà!

"Pẹ̀lẹ́," Nerys wí láìbojú wẹ̀yìn. "Àbí òní lo kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé ni?"

"Igi yẹn ló ń sọ̀ kalẹ̀," ni Clive wí, ó ń fọwọ́ ra orí.

"Igi ò sọ̀. Orí ẹ ló ń wú. Wilf, ọ̀gá awakọ̀, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ gbéra?"

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wòran," ni Wilf wí.

"Ìdí tá a fi tètè jí nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá máa ròyìn ẹ̀ fún mi."

"Mo gbọ́ pé ajá ni wọ́n máa ń lò fún un tẹ́lẹ̀," Clive wí. "Wọ́n á fi í sínú kẹ̀kẹ́, á máa sáré."

"Kì í ṣe irú Bramble," Nerys dáhùn. "Bramble tó jẹ́ pé àgùntàn ló ń dà á."

Hester gbé ẹran jáde láti ilé ìdáná, itan màlúù tòun teegun. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó gbé e lé Wilf lọ́wọ́, ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn. Wilf fọ̀pá gún ẹran, ó gbé e síwájú iná, ó gbé páànù sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa gba ọ̀rá, ó sì jọ̀wọ́ òkúta.

Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Gbogbo ẹ̀rọ náà dúró. Òkúta so rọ̀ sókè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Lẹ́yìn náà ni ṣéènì yọ̀, ẹran sì yí padà, gbìì, síbi tó ti wá.

Àsìkò náà gan-an ni aago ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń dún fún bí ìdajì wákàtí kó tó dákẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Mo ti rí irú èyí rí," Nerys wí.

"Níbo?" Wilf yára béèrè.

"Lára Clive, tó bá ti kàn án láti ra bíà fún wa. Á dìde, á rìn dé ìdajì ọ̀nà káńtà, á rántí nǹkan kan, á padà wá jókòó."

"Ẹ̀yìn ló máa ń dùn mí!"

"Àpò ló ń dùn ẹ́."

Wilf ò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé agbára ni kò tó, nítorí agbára ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó bá bọ́ọ̀sì lò. Ó so korobá èédú mọ́ òkúta, ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹran gòkè, ó kọjá òkè, ó sì ré wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbàù! Ọ̀rá gbígbóná ta sára ẹ̀wù Clive, ó ta dé inú irunmú rẹ̀.

"Ó ta sí mi lẹ́nu!"

"Tètè lá a," ni Nerys wí. "Ó lè jẹ́ òun nìkan la máa rí jẹ lónìí."

Hester kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ṣílẹ̀kùn ààrò gáàsì. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń dún, ṣùgbọ́n ó ti ń falẹ̀.

Wilf jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ajá ló wá ń wò. Bramble, tó ń ya ọ̀lẹ síbi iṣẹ́, kì í ya ọ̀lẹ síbi ẹran. Ó ti jókòó sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, kò sì kúrò níbẹ̀, nítorí ojú kan náà ni ọ̀rá ń kán sí. Wilf gbójú sókè. Ìgbàkigbà tí ẹran bá dúró, apá eegun ló máa ń wà nísàlẹ̀.

"Mo mà gọ̀ o," ó wí. "Agbára ò ní nǹkan kan ṣe. Ẹrù ni ò dọ́gba."

Ó ti ṣe irú rẹ̀ fún táyà bọ́ọ̀sì àìmọye ìgbà. Táyà tó bá ń gbọ̀n, wọ́n á lẹ òjé kékeré mọ́ apá tó fúyẹ́, á sì máa yí bí ẹni ń sùn. Ọ̀pá ẹran ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní ìpẹ̀kun, níbi tí iná ò dé. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹrù wà, ní òdìkejì eegun. Ohun tó wúwo ló ń fẹ́, tó sì ṣeé so. Ó fọwọ́ pa ara rẹ̀ káàkiri, ó sì fa ife rẹ̀ yọ láti inú àpò kóòtù.

"Wilf, rárá," Nerys wí, kò sí àwàdà lóhùn rẹ̀ mọ́. "Joan ló ra ìyẹn fún ẹ."

"Joan ò fẹ́ràn nǹkan tó bá kàn jókòó lásán. Clive, gbé àpótí dómínò tá a fi ń ṣeré wá."

Ó fi wáyà de etí ife mọ́ apá kẹ̀kẹ́, ó ń ju dómínò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ ti ẹran wò. Ó ṣì ń padà. Ó fi kún un. Nígbà tó yá, ibi tó bá fi ẹran sí, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Inú rẹ̀ dùn, ó jọ̀wọ́ òkúta. Kẹ̀kẹ́ yí, ife dojú kọ ilẹ̀, gbogbo dómínò sì dà sórí Bramble.

"Aláìmọ̀kan," Nerys wí. Ó tú síkáàfù ọrùn rẹ̀. "Ti ọjọ́ Àìkú mi ni o. Gbà, fi bo ẹnu ẹ̀."

"Wọ́n ti wé gèlè fún ife," ni Clive wí.

Wọ́n kó dómínò padà, wọ́n fi síkáàfù di ẹnu ife pinpin. Wilf jọ̀wọ́ òkúta. Ẹran gòkè, ó kọjá òkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Aago ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbọ́ ni dómínò tó ń ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú ife. Nínú ilé ìdáná, Hester ti ilẹ̀kùn ààrò gáàsì.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, òórùn ẹran ti dé títì. Bí òkúta bá ti dé ilẹ̀, á dún gbì, ẹnì kan á sì dìde lọ wé okùn. Nerys bá ṣòfin: ẹni tí òkúta bá balẹ̀ tí kò sí lórí àga rẹ̀, òun ni yóò wé okùn, òun náà ni yóò ra bíà tó kàn. Clive, tó ti ń rọra dìde lọ sílé ìtọ̀, jókòó padà. Ó mójú tó òkúta, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sáré. Kò tíì pa ilẹ̀kùn dé tí òkúta fi dún gbì. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Owó tó fi san bíà náà, Hester gbé e sójú fèrèsé wò bóyá ó ṣì ṣeé ná, ó ti pẹ́ jù lápò Clive.

Hester fúnra rẹ̀ ló gé ẹran náà, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́, lórí ìdúró. Wilf gbé fọ́ọ̀kì dání, kò fi kan púdìn oníyẹ̀fun, kò fi kan pòtétò. Hester jẹ, ó gbé mì. Ó tún gé òmíràn.

"Iyọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀," ó wí.

"Lẹ́nu Hester," Nerys sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "oríkì nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Wilf tú ife rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti dúdú, wáyà ti ha etí rẹ̀, dómínò sì ti ha inú rẹ̀ náà. Ó fẹ́ fi aṣọ nù ún kó tó tì í bọ àpò, ṣùgbọ́n Hester gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó gun àpótí, ó fi òòlù kan ìkọ́ tuntun mọ́ igi àjà. Ibì kan ṣoṣo tó ṣófo ni ìpẹ̀kun tó kángun sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé ife náà kọ́ síbẹ̀. Wilf gbójú sókè wò ó.

"Ará òdìkejì," ni Clive wí, "bíà ló yẹ kó o rà báyìí."

"Ará òdìkejì wo?" Nerys wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Mi ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí."

Clive rí i pé ọ̀rọ̀ bíà lè tún padà sórí òun, ló bá pe ajá rẹ̀, ó yára gba ẹnu ọ̀nà jáde. Orí rẹ̀ bá ife pàdé. Gbọ́ngán! Ó dún bí aago.

"Ó dára," Nerys wí. "Láti òní lọ, tó o bá ti ń sá, a óò máa gbọ́."

Wilf ló gbẹ̀yìn jáde. Ó na ọwọ́ sókè dá ife dúró, nítorí ó ṣì ń mì, ó sì forí lé ọ̀nà ilé. Nígbà tó dé ìdí òkè, ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ife ṣì wà níbẹ̀. Kò bá nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ sínú àpò òfìfo náà títí tó fi délé.