Agolo Tí Ọ̀dà Bo Orúkọ Rẹ̀

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó lè rọ òkun sínú ìgò, ọkùnrin akunlé kan báyìí ni kí wọ́n pè. Tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà o, kẹrosíìnì o, inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń rọ gbogbo rẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ bá a wí títí, ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí aáyán ilé wọn wá pọ̀ débi pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé onílé jáde, akunlé ra oògùn aáyán, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé agolo oògùn náà tó ti ṣófo lọ síbi iṣẹ́ láti máa fi po ọ̀dà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá ọmọ wọn, Tọ́-ọ-wò, ọmọ ọdún méjì tí kò sí ohun tí kì í fẹnu kàn, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

"Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó bì í!" ni ìyá onílé ń pariwo.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Ìyá ọmọ ti gbé e, ó ti dé títì, bàbá ń sáré tẹ̀ lé e.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ìgò lọ́wọ́ bàbá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fajú ro. "A ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ orúkọ oògùn yìí. Agolo rẹ̀ dà?"

"Ó... ó wà níbi iṣẹ́ mi."

"Kí wá lẹ dúró ń wò?"

Ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró de òun. Agolo wà lábẹ́ àkàbà. Ọ̀dà funfun ti bò ó látòkè délẹ̀, lẹ́tà kan ò yọjú.

"Ta ló ń lé ẹ?" ni ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ bi í.

"Tínà! Fún mi ní tínà! Ọmọ mi mu oògùn aáyán!"

"Rọra o! Tó o bá fipá nù ún, ọ̀dà tòun ti orúkọ ni yóò bó."

Ọwọ́ tó ń kun ògiri bí ìjì wá ń rọra rìn. Ó ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Lẹ́tà kan yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó dé ìparí, àyà rẹ̀ ti lù tó iṣẹ́ ọdún kan.

Ó gbá agolo náà máyà, ó sáré padà sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ka orúkọ náà, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá ọmọ ò wojú ọkọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

"O sọ."

Lójijì, igbe ta nínú yàrá, igbe ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, igbe tó lè ṣí òrùlé.

"Ohùn ẹ̀ nìyẹn!" Ìyá fò dìde.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Kò tíì bọ́ nínú ewu tán o. A ṣì máa ṣọ́ ọ."

Akunlé mi orí, agolo ṣì wà láyà rẹ̀, ọ̀dà ń kán sí bàtà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rọra nawọ́ sí agolo náà.

"Ẹ gbé e wá. Ẹ ò ní rọ nǹkan kan sínú ìgò mọ́ láyé yín."