Orúkọ Tó Lọ Sílé Ìwé

Ràfátù kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde. Kúlúsúmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀, nítorí orúnkún obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún kì í bá ilẹ̀ ṣeré lásán.

"Dìde, jàre. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, o ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Mo gbàyè ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ti mu ògì?"

"Ògì rèé níwájú mi, ó ń dì. Sọ ohun tó gbé ọ wá."

Ràfátù fa lẹ́tà kan yọ nínú ọ̀rá dúdú, ó nà án sí i, ó tún rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ò lè kà á, ó rọra fà á padà. Kúlúsúmù ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọdún kọkànlá nìyí tí Ràfátù ti ń ṣe Nánì nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan lọ́nà Awo. Òun ló ń gba àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn láàárọ̀, òun ló ń nu imú wọn, òun ló ń wẹ ìdí wọn, òun náà ló ń pọ̀n wọ́n títí wọ́n á fi sùn. Ọ̀gá tuntun wá dé síbẹ̀, ó ní Nánì tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ọmọ kò gbọdọ̀ padà wá bí wọ́n bá ti ọlidé ńlá dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ṣí fún àwọn àgbàlagbà ní Ẹdẹ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì máa dá gbígba fọ́ọ̀mù dúró.

"Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbani," ni Ràfátù wí. "Fọ́tò méjì, ó ti wà. Ìwé ọjọ́ orí, mo ti gbà á ní kóòtù. Ẹni tó máa dúró fún mi, Alájì Jibril àdúgbò wa ti fọwọ́ sí i. Ìkẹrin ni ìwé mẹ́fà, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

"O ní ìwé mẹ́fà. Mo mọ ibi tó wà nínú àpótí rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ orúkọ tó wà lára rẹ̀."

Kúlúsúmù sún ife ògì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ òun ni.

Ọdún tí ogun Bìáfúrà parí ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé kan wọ agboolé wọn, tó ní kí baálé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ wá. Ọláníyan bàbá wọn, tó ń ṣòwò obì, dárúkọ Kúlúsúmù, ọmọ ọdún méje. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò bàbá wọn obìnrin tó wà ní Awo fi bí ìbejì, wọ́n sì mú Kúlúsúmù lọ bá a kó lè máa bá a pọ̀n ọ̀kan. Bàbá wá lọ sọ fún ọ̀gá pé kó pa orúkọ ọmọ òun rẹ́.

Ọ̀gá ní, "Bàbá, orúkọ ti dé Òṣogbo. Ẹ wá ọmọ tí yóò máa jẹ́ ẹ fún mi."

Ọláníyan bojú wẹ̀yìn, ó rí Ràfátù, ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ìkarahun. "Èyí ńkọ́?"

"Ṣé yóò lè jẹ́ ẹ?"

"Yóò jẹ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni Ràfátù ṣe ń jẹ́ Kúlúsúmù láàárọ̀, tó ń jẹ́ Ràfátù bó bá délé lọ́sàn-án, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí Kúlúsúmù fi máa ti Awo dé lẹ́yìn ọdún méjì, àyè ti di ti ẹlòmíì. Wọ́n gbé igbá ẹ̀kọ lé e lórí. Kò sí ẹni tó ṣìkà fún un níbẹ̀, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá bi í pé ṣé ó kàwé, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Orúkọ mi kàwé. Èmi ni mi ò bá a lọ." Àwọn èèyàn á fi ṣẹ̀rín. Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, àti pé ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti ìgbà èwe nìyẹn. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín ẹran Iléyá tán, á ní kí Ràfátù mú ìwé náà wá. Á tẹ́ ẹ sórí itan, á máa fi ìka tọ ibi tí orúkọ wà. Báyìí ló ṣe mọ orúkọ náà kọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ láyé, orúkọ yẹn nìkan ló lè kà.

"Kí ni wọ́n wá ní kí n ṣe?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Wọ́n ní kí ẹni tó ni orúkọ wá fúnra rẹ̀, kó sọ lójú wọn pé òun kọ́ ló lọ ilé ìwé náà, kó sì búra sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù mi."

"Kí n wá sọ pé orúkọ mi kì í ṣe tèmi."

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo wá ni?"

Ràfátù ń ká etí lẹ́tà náà, ó ń tú u. Kúlúsúmù wò ó títí, ó ní, "Máa lọ. N óò rò ó."

Ó rò ó lọ́jọ́ Túsìdeè, kò rí ojú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán Wẹ́sìdeè, ó di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin sínú ọ̀rá, ó ní òun fẹ́ gbé e fún Ràfátù níbi iṣẹ́. Irọ́ ni, ó kàn fẹ́ lọ wo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ gba orúkọ lọ́wọ́ òun ni. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà. Àwọn ìyá ti ń wá gbé ọmọ. Ọmọ kékeré kan tí ń jẹ́ Ibtisam rọ̀ mọ́ ọrùn Ràfátù, ó ní òun ò lọ.

"Nánì, ẹ bá mi bẹ ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ ń wí. "Àbí ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Ràfátù tẹ̀ sí ọmọ náà létí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sára ìyá rẹ̀. Òmíràn ti wá dúró lẹ́yìn, ó ń fa ìró Ràfátù, ó ń dúró de tirẹ̀.

Kúlúsúmù ò wọlé. Ó yí padà, ó sì ti jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán kó tó dé ilé.

Ní Tọ́sìdeè, òun ló lọ kan ilẹ̀kùn Ràfátù. "Wọṣọ rẹ, ká lọ. Má fi ìbòrí yẹn lọ, ó ti ṣá."

Ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń jẹ́ Yẹ́misí. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó fà wọ́n ní àga, ó sì gba ìwé mẹ́fà náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ti ní kí ilé ìwé àtijọ́ náà bá òun ṣe fọ́tòkọ́pì ojú rẹ́jísítà kíláàsì kẹfà ọdún yẹn. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá," ó wí fún Ràfátù. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ìwé ẹlòmíì wá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ béèrè. Nígbà tí tíṣà yín bá ń pe orúkọ láàárọ̀, àwọn ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè?"

Ràfátù la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là. "Àwọn... ó ti pẹ́, ọmọ mi. Wọ́n máa ń pe..." Òógùn bò ó nímú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ tó bọ́ sómi.

Yẹ́misí gbé bírò. Kúlúsúmù rí bírò náà, ó rí i pé ohun tó fẹ́ kọ kò ní dáa. Kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Gàníyù Adéṣínà," ó wí. "Ṣàngóyẹmí Àjàó. Múnírù Bàdà, tó máa ń pẹ́ dé. Àmúdátù Ògúnmọ́dẹdé. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ tíṣà..."

Ó ń pè é lọ bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Yẹ́misí fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé, ọ̀kan ò yẹ̀. Ìgbà tó dé orí ìkejìdínlógún, ó wí pé, "Kúlúsúmù Ọláníyan," ó sì dákẹ́.

Yẹ́misí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ lọ ilé ìwé yìí. Kì í ṣe àbúrò yín."

Àṣé oore tó ṣe ti dà á rú. Ràfátù ti fi ọwọ́ bo ojú. Kúlúsúmù mọ̀ pé bí òun ò bá sọ ọ́ báyìí, ó parí nìyẹn. Ohun tí òun ò sọ fún ọkọ rí, tí òun ò sọ fún ọmọ rí ni.

"Ọmọ mi, mi ò wọ inú kíláàsì yẹn rí. Ẹ̀kọ ni mò ń tà. Abẹ́ fèrèsé wọn ni mo máa ń sọ igbá mi kalẹ̀ sí láàárọ̀, n óò ṣe bí ẹni ń to ẹ̀kọ. Tíṣà á máa pe orúkọ, èmi á máa gbọ́. N óò dúró títí yóò fi kan tèmi."

"Àwọn mẹ́tàlá tó tẹ̀lé e ńkọ́? Ẹ pè wọ́n fún mi."

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Ẹ mọ méjìdínlógún, ẹ ò mọ ẹyọ kan nínú àwọn tó kù?"

"Bí wọ́n bá ti pe Kúlúsúmù, tí mo gbọ́ tí ó dáhùn, ọkàn mi á balẹ̀. Mo ti gbé igbá mi nìyẹn, mo ti ń lọ."

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ tí Ràfátù fi bo ojú.

"Ọ̀ṣuntóyìn Òjó," ó wí. "Súlè Olówóòkéré. Gbémi Oyèwùmí. Ìbejì méjèèjì nílé Raji..." Ó pe gbogbo wọn, mẹ́tàlá gééré. Nígbà tó ṣí ojú, omi ti kún un. "Ẹ̀rù máa ń bà mí kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń wí i sínú: Kúlúsúmù, Kúlúsúmù, kí n má baà gbàgbé, kí wọ́n má baà ní ọmọ yẹn ò wá sílé ìwé. Mi ò gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣáájú. Bí mo bá dáhùn tán ni etí mi tó ń là." Ó nu imú rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹ wà lábẹ́ fèrèsé. Mo rò pé ibi títà lẹ wà."

"Mo ń tà náà," ni Kúlúsúmù wí.

Yẹ́misí tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, ó kà á fún wọn ní Yorùbá. Ó wá yíjú sí Kúlúsúmù, ó ní, "Màmá, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kí n sọ fún yín. Láti òní lọ, ẹ ò ní lè sọ pé ìwé mẹ́fà yìí jẹ́ tiyín mọ́. Orúkọ yín kàn wà lára rẹ̀ ni."

"Mo gbọ́."

Yẹ́misí fa páàdì íǹkì wá fún àtàǹpàkò rẹ̀. Kúlúsúmù sún un sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó kọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín, ahọ́n rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Kò sí ẹni tó kán an lójú.

"Orúkọ wo ni kí n wá kọ sínú rẹ́jísítà tiwa?" ni Yẹ́misí bi Ràfátù. "A lè so méjèèjì pọ̀, bí ẹ bá fẹ́."

Ràfátù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kúlúsúmù ló dáhùn. "Ràfátù ni kí o kọ, kó dá dúró. Ó ti jẹ́ tèmi tó. Jẹ́ kí tirẹ̀ náà lọ sílé ìwé."

Kóòtù ò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n búra, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n gbé e padà fún Yẹ́misí kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá délé, Ràfátù ò yéé sunkún, awakọ̀ sì ń wo wọ́n nínú dígí.

"Nu ojú rẹ," ni Kúlúsúmù wí. "Ọkùnrin yìí á ní mo nà ọ́."

Ràfátù fi etí ìbòrí nu ojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Kúlúsúmù ní, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ máa kọ́kọ́ kọ́ ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí yóò fi máa rìn."

"Ìyẹn náà ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù lé lórí? Mo bí ọmọ mẹ́fà, mo bá èèyàn pọ̀n ìbejì, o ò wá bi mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé ni wọ́n ń béèrè."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní ìwé náà, máa gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, kí o máa kà á sí mi létí." Ó tún ìró rẹ̀ so. "N óò máa sọ ibi tí wọ́n ti purọ́ fún ọ."